Oògùn Láti Òkè: Ohun tí Dírónù Lè Ṣe ní Oko Agbègbè Ìbàdàn, àti Èyí tí Kò Lè Ṣe

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan, ó dá mi lójú pé ìwàásù ni wọ́n ń retí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti gba ilẹ̀ oko báyìí sí Akínyẹlé, sí Lágelú, sí Ẹgbẹ́dá àti sí Ọ̀nà-Àrà, yálà kí ẹ má baà jókòó lásán lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, tàbí nítorí pé oúnjẹ adìẹ ti wọ́n ju ohun tí ẹnu lè sọ, tí ó sì sàn kí ènìyàn gbin àgbàdo tirẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni ẹ sì ń bi mí bí a bá ti pàdé níbi ìgbéyàwó tàbí níbi ìsìnkú: ṣé òótọ́ ni pé bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, èyí tí a ń pè ní dírónù, lè fín oògùn sí oko láìba ilẹ̀ àti omi jẹ́? Pé ó lè fín oògùn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ti ilẹ̀ àti omi ni ó gba àlàyé.

Kí a tó gbé ojú sókè, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nílẹ̀. Ní gbogbo abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká, láti Ìjàyè àti Ìrókò títí dé Lálùpọn, láti Erúnmu títí dé Àkànrán, páǹpù tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ni ọba iṣẹ́ yìí. Lítà omi 15 sí 20 ni ó ń gbà, bí ó bá sì kún, ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sí ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Hẹ́kítà kan, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí éékà méjì ààbọ̀, máa ń gba nǹkan bí lítà 200. Ìyẹn ni pé ìgbà mẹ́wàá ni ọkùnrin kan yóò kún páǹpù, tí yóò sì gbé e sẹ́yìn, kí ó tó parí hẹ́kítà kan. Nígbà tí ó bá sì ń fín in, inú ìkùukùu tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni ó ń rìn wọ̀. Bí páǹpù bá ń jò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń jò sí. Àwọn tí ń lo ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú kò pọ̀. Bí ẹnu páǹpù bá dí, ẹlòmíràn a fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ ni ó ń pọn omi tí a fi ń po oògùn, odò tí wọ́n ti pọn omi náà ni a sì máa ń padà lọ fọ páǹpù sí. Àwọn ìgò òfìfo ńkọ́? Ẹ ti rí epo pupa nínú wọn rí lójú ọjà.

Ní abúlé kan tí mo ti ṣe olùṣọ́-àgùntàn, ọkùnrin kan wà tí ń wá kí n gbàdúrà fún ojú òun ní gbogbo ìgbà tí àsìkò ìfínko bá dé. Nígbà tí mo bi í léèrè irú aṣọ tí ó ń wọ̀ bí ó bá fẹ́ fín oògùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, aṣọ oko náà ni.” A gbàdúrà, mo sì fi í ránṣẹ́ sí dókítà. Ìdáhùn rẹ̀ yẹn ni ó kọ́kọ́ mú kí n máa kàwé nípa ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan.

Oògùn oko kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Ẹ̀yin tí bàbá yín gbin kòkó yóò rántí Gamalín, èyí tí a ń fín láti pa àwọn kòkòrò tí ń fa omi ara èso àti ẹ̀ka kòkó mu. Láti bí ọdún 1950 sí i ni ó ti wọ oko wa. Ó ṣiṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Owó kòkó tí ó rán púpọ̀ nínú wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣàì ní ọwọ́ rẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n oògùn náà kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, àwọn kan sì ń dà á sínú odò láti fi pa ẹja tí wọn yóò tà fún ènìyàn jẹ. Ní ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè fi lindane, èròjà tí ó wà nínú Gamalín, kún àwọn tí a gbọ́dọ̀ mú kúrò nílẹ̀ lábẹ́ Àdéhùn Stockholm. Láti ìgbà náà, òmíràn ti ń tẹ̀lé e lọ. Àjọ NAFDAC fi òpin sí paraquat ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January ọdún 2024, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún atrazine ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January ọdún 2025. Àwọn ẹbí wa tí ó wà ní ìlú òyìnbó náà kò gbàgbé ọdún 2015, nígbà tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà nítorí oògùn dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sórí dírónù. Èrò náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ilẹ̀ Japan ni ó ti gbilẹ̀, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Yamaha ṣe ẹlikópítà kékeré kan tí kò ní awakọ̀, R-50, ní ọdún 1987 láti máa fín oògùn sí oko ìrẹsì. Ohun tí ó lé wọn débẹ̀ yóò yé àwọn ará Lágelú dáadáa: àwọn ọ̀dọ́ ti bá iṣẹ́ ìlú ńlá lọ, àwọn arúgbó ni ó kù lóko, ẹ̀yìn wọn kò sì gba ẹrù mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ará Ṣáínà sọ ẹ̀rọ náà di kékeré, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. MG-1, èyí tí ilé-iṣẹ́ DJI gbé jáde ní ọdún 2015, ń gbé oògùn kílò 10. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń gbé 30 àti 40. Nítòsí wa níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ Beat Drone, tí ó fi Ìlọrin ṣe ibùdó, wà lára àwọn tí ń fi dírónù ṣiṣẹ́ oko fún àwọn àgbẹ̀ lówó.

Dírónù oko yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń rí tí ń ya fọ́tò lókè níbi ìgbéyàwó. Ó ní apá mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, abẹ̀bẹ̀ sì ń yí ní orí apá kọ̀ọ̀kan. Tánkì oògùn wà ní àárín, àwọn ẹnu tí oògùn ń gbà jáde sì kọ ojú sílẹ̀. Ẹni tí ń darí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rìn yí ààlà oko ká pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́, tàbí kí ó ya àwòrán oko náà láti òkè, kí dírónù lè mọ ibi tí oko ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Sátẹ́láìtì ni ó ń fi ọ̀nà hàn án. Nígbà tí ó bá gbéra, yóò máa fò ní ìwọ̀n mítà méjì sí mẹ́ta sí orí irúgbìn, yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, bí ẹni tí ń kọ ebè láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Afẹ́fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń tì sísàlẹ̀ yóò máa ṣí ewé, yóò sì máa ti oògùn wọ àárín wọn. Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́: bí tánkì bá kún, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni ó ń lò lófuurufú kí ó tó padà wá gba òmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé dírónù lọ sí oko kan ní ẹ̀yìn Àkànrán gbọ́dọ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ dání. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ yìí kì í mu epo, ẹ bi í níbi tí iná bátìrì ti ń wá.

Àǹfààní rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ lójú tèmi kò le láti rí: ènìyàn ti kúrò nínú ìkùukùu. Ẹni tí ń darí rẹ̀ dúró ní etí oko, ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kò gbé nǹkan kan sẹ́yìn. Ewu ṣì kù nígbà tí ó bá ń po oògùn tí ó sì ń rọ ọ́ sínú tánkì, ìbọ̀wọ́ kò sì di ohun ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n ìrìn wákàtí mẹ́fà nínú oògùn ti tán. Àǹfààní kejì wà fún àgbàdo. Láti ọdún 2016, nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdin apanirun láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, ti wọ Nàìjíríà, Bìní Olómìnira àti Tógò, àwọn tí ń gbin àgbàdo fún oúnjẹ adìẹ ní Ẹgbẹ́dá àti Lágelú kò sinmi mọ́. Inú ọkàn àgbàdo ni ìdin náà ń wọ̀, bí àgbàdo bá sì ti ga ju orí ènìyàn lọ, ẹni tí ó gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn kò lè rí orí rẹ̀ fín. Láti òkè ni dírónù ti ń bọ̀ ní tirẹ̀. Kì í tẹ irúgbìn mọ́lẹ̀, òjò tí ó sọ oko di ẹrẹ̀ kò sì dí i lọ́wọ́ bí òjò náà bá ti dá. Ọjọ́ kan pàtàkì púpọ̀ nínú ọ̀ràn ìdin yìí, nítorí bí ó bá ti dàgbà tí ó sì wọ inú lọ, oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́, àgbẹ̀ a sì máa fín in léraléra. Ẹni tí ó bá fín in ní àsìkò lè má ní láti fín in lẹ́ẹ̀kejì. Níbi tí dírónù ti ń dín oògùn kù ní tòótọ́ nìyẹn.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìpolówó kan wà tí ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú. Wọ́n á ní dírónù ń lo lítà 10 sí 20 fún hẹ́kítà kan níbi tí páǹpù ti ń lo 200, nítorí náà ó ti dín oògùn kù ní ìlọ́po mẹ́wàá. Omi ni ó dín kù! Bí ẹ bá da ṣíbí iyọ̀ kan sínú ife omi kan dípò garawa kan, iyọ̀ kò dín. Òun nìkan ni ó le sí i lẹ́nu. Ìwọ̀n oògùn tí a kọ sára ìgò fún hẹ́kítà kan náà ni dírónù ń lò, ṣùgbọ́n nínú omi díẹ̀, ohun tí ń bọ́ láti òkè sì le ju ti páǹpù lọ púpọ̀. Omi tí ó dín kù yẹn ní èrè tirẹ̀ fún abúlé tí ó ń pọn omi láti ọ̀nà jíjìn, n kò sì kóyán rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n kí a pe iyọ̀ ní iyọ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀. Nítorí pé omi rẹ̀ kéré, dírónù gbọ́dọ̀ fọ́n oògùn náà wẹ́wẹ́ kí ó tó lè kárí ewé. Ohun tí ó bá sì ti wẹ́, afẹ́fẹ́ ni ó ni ín. Ó lè gbé e kọjá ààlà lọ sórí ẹ̀fọ́ aládùúgbò, sínú kànga tí kò ní ìdérí, sórí ilé oyin, sórí aṣọ tí a sá. Nítorí irú èyí ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ka fífín oògùn láti òkè léèwọ̀ nínú òfin wọn ti ọdún 2009, àfi níbi tí wọ́n bá fún ènìyàn láyè ní pàtó. Ilẹ̀ Switzerland, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn, gba dírónù láyè ní ọdún 2019, pàápàá fún àwọn ọgbà àjàrà tí ó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò ti rọrùn láti dúró. Àwọn méjèèjì ń wo ohun kan náà: dírónù sún mọ́ ilẹ̀ ju bàálù ńlá lọ, nítorí náà ewu rẹ̀ kéré sí ti bàálù, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ilẹ̀ ju páǹpù lọ.

Ìwé Ẹ́kísódù, ní orí 22, ní òfin kan fún ọ̀ràn tí ó jọ èyí. Bí ẹnìkan bá dá iná, tí iná náà sì ràn títí tí ó fi jó ọkà ẹlòmíràn, ẹni tí ó dá iná náà ni yóò san ẹ̀san. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, a jiyàn púpọ̀ lórí ẹsẹ náà, nítorí òfin náà kò béèrè bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ohun tí ó kúrò lọ́wọ́ rẹ ṣì jẹ́ tìrẹ níbi tí ó bá balẹ̀ sí.

Ní agbègbè wa, ibi tí ó lè balẹ̀ sí kò jìnnà. Omi Aṣéjire, tí ó wà ní apá Ẹgbẹ́dá lórí odò Ọ̀ṣun, ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn ń mu. Oògùn tí a fín sí etí odò kékeré kan tí ń ṣàn lọ síbẹ̀ kò dúró ní oko ẹni tí ó fín in. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ dírónù kì í fín oògùn ní ọ̀sán gangan nígbà tí ooru ń gbé afẹ́fẹ́ sókè. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni tirẹ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀. Ó ń yí ẹnu ẹ̀rọ kí ohun tí ń jáde lè tóbi díẹ̀, ó ń fò nílẹ̀ nílẹ̀, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ láàrin oko àti odò. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí ọ̀nà abúlé, ó ń kó ẹrù rẹ̀ padà lọ sílé, bí onílé-oko tilẹ̀ ti sanwó.

Kì í sì í ṣe gbogbo oko ni ó wúlò fún. Oko kòkó ti àwọn bàbá wa kò bá a mu rárá. Ewé igi kòkó dí lókè bí òrùlé, ara ìtì igi nísàlẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èso rẹ̀ wà, níbi tí àrùn tí ń sọ èso dúdú ti ń mú wọn. Ohun tí a bá fọ́n láti òkè, òrùlé ni yóò gbà á. Oko tí ọ̀pẹ, ìrókò àti wáyà iná NEPA wà láàrin rẹ̀ léwu fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni oko tí a ti gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀fọ́ àti iṣu pọ̀, nítorí oògùn tí ó wà fún ọ̀kan lè ṣàì wà fún èkejì, dírónù kò sì mọ ìyàtọ̀. Ilẹ̀ títẹ́jú tí irúgbìn kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀, tí ó sì fẹ̀ tó hẹ́kítà mélòó kan, ni tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ láti máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mọ́ ni pé Ìbàdàn ti fi ọkọ̀ òfuurufú ran oko lọ́wọ́ rí láìfín oògùn olóró kankan. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tí ara rẹ̀ dà bí ẹni pé a da ìyẹ̀fun sí i lórí ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ láti Kóńgò títí dé ọ̀dọ̀ wa. Oúnjẹ mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ènìyàn wà nínú ewu. Àjọ IITA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967 lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ kí a tó dé Mọ́níyà, ni ó gbé ọ̀ràn náà sọ́wọ́, lábẹ́ ìdarí Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland. Wọn kò wá oògùn. Wọ́n wá ọ̀tá kòkòrò náà lọ sí ibi tí ó ti wá, wọ́n sì rí agbọ́n kan ní Paraguay tí kò tó hóró ìrẹsì, tí ń yé ẹyin rẹ̀ sínú kòkòrò funfun yìí, tí ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ láti inú wá. Ní ọdún 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń kó àwọn agbọ́n náà sínú bàálù, wọ́n sì ń tú wọn sílẹ̀ láti òkè sórí oko ẹ̀gẹ́. Agbọ́n náà tàn ká orílẹ̀-èdè tí ó ju 20 lọ ní Áfíríkà, apá sì ká kòkòrò náà. Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ni wọ́n fi dá Herren lọ́lá ní ọdún 1995. Àgbẹ̀ tí ó gbin ẹ̀gẹ́ ní Ìrókò ní àkókò náà kò san kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan fún wọn.

Dírónù lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, ó sì ń ṣe é ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, níbi tí ó ti ń ju ẹyin agbọ́n kéékèèké sínú oko àgbàdo. Ó lè fọ́n ohun gbígbẹ pẹ̀lú. Aflasafe, tí IITA ṣe, tí NAFDAC sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2014, jẹ́ hóró ọkà bàbà tí a fi olú tí kò léwu kùn. Kílò 10 ni a ń fọ́n sí hẹ́kítà kan kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ó sì ń lé olú olóró tí ń ba àgbàdo jẹ́ dànù. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ mọ ohun tí àgbàdo tí ó ti hu olú ń ṣe fún adìẹ. Fún ìdí èyí, bí a bá ń bi mí bóyá dírónù dára fún ilẹ̀, mo máa ń bi ẹni náà padà pé kí ni ó wà nínú tánkì.

Ti òfin kò gùn. Dírónù oko kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé: a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCAA tí ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, kí a sì gba ìwé láti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn lórí Ètò Ààbò orílẹ̀-èdè. Pápákọ̀ òfuurufú Alákìá kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oko wa ní ìlà-oòrùn Ìbàdàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kékeré wo èyí.

Àgbẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ní éékà méjì kò nílò láti ra ọ̀kan. Ohun tí ó bójú mu ni kí àwọn tí oko wọn pààlà, tí wọ́n gbin irúgbìn kan náà, parapọ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, kí wọ́n pe onídírónù lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì pín owó rẹ̀. Kí wọ́n tó san án, kí wọ́n béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Kí wọ́n ka orúkọ oògùn náà lára ìgò, kí wọ́n sì rí nọ́ńbà NAFDAC níbẹ̀. Kí ẹnìkan tí ó mọ kòkòrò rìn wọ inú oko ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú láti wò ó bóyá kòkòrò náà tilẹ̀ pọ̀ tó ohun tí a ń fín oògùn sí, nítorí nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀, owó gbogbo wọn yóò sì dúró sí àpò. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí a ránṣẹ́ sí olóyin àti sí àwọn tí kànga wọn wà nítòsí, kí olóyin lè ti ẹnu ilé oyin rẹ̀, kí àwọn tí ó ni kànga fi ìdérí dé e, kí àwọn ìyá sì kó aṣọ wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́.